Yàrà Bàbá ní Grand Prairie

Ilé wa nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo Grand Prairie, ní Texas, tí àlejò ní láti gba orí pákó kọjá kí ó tó lè kan ilẹ̀kùn. Ọdún tí Bàbá wá gbé lọ́dọ̀ wa ni mò ń sọ, ọdún tí a gbẹ́ yàrà síwájú ilé. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lónìí, wọ́n á ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀ àsọdùn mi. Mo gbà pé mo máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní bù mọ́ ti yàrà yìí, nítorí kò nílò rẹ̀. Bàbá tó bí Dádì mi ni à ń pè ní Bàbá. Ìjẹ̀bú ló ti wá, lẹ́yìn tí Màmá, ìyàwó rẹ̀, kú, tí ilé sì ku òun nìkan. Dádì, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti Mọ́mì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa pátápátá, nítorí kò sí ẹni tí yóò máa bu omi fún un mu nílé. Ó dé pẹ̀lú àpótí kan, rédíò kékeré kan, àti kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tó fi okùn so kọ́ ọrùn lábẹ́ bùbá. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ba Mọ́mì lẹ́rù. Ó sọ fún Dádì nílé ìdáná pé ẹni tí kò bá fẹ́ padà sílé mọ́ kì í gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Mo gbọ́, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná tí n kì í gbọ́ nígbà náà.

Bí mo bá pa ojú dé, ariwo ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Bílẹ́ńdà Mọ́mì ló máa ń jí wa láàárọ̀, tó ń lọ ata ọbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí àwọn aládùúgbò fi ń gé koríko, tó máa ń bú láti ilé kan dé èkejì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bàálù ńkọ́, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, tó sún mọ́ òrùlé wa débi pé Bàbá máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró kó lè kọjá, bí ẹni tó ń yẹ̀ fún àgbà lọ́nà. Rédíò Bàbá kò mú ju ibùdó kan lọ, níbi tí oníwàásù kan ti ń jágbe ní èdè Sípáníìṣì látàárọ̀ dalẹ́. Bàbá kì í pa á. "Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ," ó máa ń wí, "ṣùgbọ́n ó dá ọkùnrin yẹn lójú." Kí Bàbá tó dé, ilé aládùúgbò kan ni mo máa ń dúró sí lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí wọ́n ti ń fún wa ní kárọ́ọ̀tì tútù. Bàbá dé, mo wá ń délé bá ẹ̀wà, àti dòdò tí etí rẹ̀ jóná díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ẹ, àti ẹnìkan tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, mi ò sì fẹ́ kí ó fi wá sílẹ̀ láé.

Ṣùgbọ́n Bàbá kì í sùn dáadáa. Orí àga pálọ̀ ló ń sùn, ó kọjú sí fèrèsé, fìlà lórí, bàtà lẹ́sẹ̀, bí ẹni tí mọ́tò máa tó wá gbé. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ilé wa kò ní ọgbà níwájú. Pákó gíga yí ẹ̀yìn ilé po, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní gbogbo ilé àdúgbò wa, ẹ̀yìn náà ni Dádì àti Mọ́mì sì ń gbé mọ́tò gbà wọlé. Ṣùgbọ́n iwájú ṣí gbayawu dé ojú títì. Koríko lásán ló wà níbẹ̀, ajá oníkálukú sì lè rìn wá kí wa ní fèrèsé. "Kí ló dé tí ilé yín bo ìdí, tó wá ṣí ojú sílẹ̀?" Bàbá bi Dádì. Dádì ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní HOA, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ǹsì síwájú ilé. "Ṣé àwọn ló kọ́lé fún ẹ ni?" "Rárá o, Bàbá. Òfin wọn ni." Bàbá ní kó ka òfin náà sí òun létí. Dádì kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: wọn kò gba ògiri, wọn kò gba pákó, wọn kò gba wáyà, wọn kò gba òdòdó tó bá ga ju orúnkún lọ. Bàbá mi orí. "Ó dáa. Tí ọdún yìí bá ti ń lọ sópin, kí ẹ bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò lè máa sùn sójú títì lọ́jọ́ ogbó mi." Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. Èmi tí mo ń jẹ dòdò lọ́wọ́, mo gbé abọ́ sílẹ̀.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé Bàbá bá Dádì níbi tó ti ń fún ilé lómi mu. Mo mọ bó ṣe ń dún létí. Ilẹ̀ dúdú ni ilẹ̀ agbègbè Dallas. Bí òjò bá rọ̀, á wú. Bí oòrùn bá mú, á sún kì, á sì là débi tí bọ́ọ̀lù mi kan ti kó sínú rẹ̀ tí a kò rí i mọ́. Ilé tó bá wà lórí rẹ̀ á máa bá a lọ sókè sódò títí ògiri yóò fi sán. Nítorí náà ni àwọn onílé fi máa ń na rọ́bà omi yí ìdí ilé ká. Bàbá dúró tì í, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Adéwálé, kí lò ń ṣe?" "Mò ń fún ilé lómi ni, Bàbá." "Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó pe gbogbo ẹni tó mọ̀ ní Ìjẹ̀bú lórí fóònù: ní Amẹ́ríkà, ilé ń mu omi, rárá, kì í ṣe àwọn ará ilé, ilé fúnra rẹ̀ ni. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá fọwọ́ kan ilẹ̀ tútù náà. "Adéwálé, nínú òfin tí o kà fún mi yẹn, ṣé wọ́n dárúkọ kòtò?" Dádì ní wọn ò sọ nǹkan kan nípa kòtò. Ibẹ̀ ni Dádì ti kọsẹ̀. Abúlé Bàbá kò jìnnà sí Erédò, yàrà ńlá ayé àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po, tó jìn débi pé igi tó dàgbà nínú rẹ̀ kò yọ orí síta. Inú rẹ̀ ni Bàbá ti ṣeré ní kékeré. Kí èèyàn sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má mọ odi, ṣùgbọ́n pé a kò sọ nǹkan kan nípa kòtò, ó ti fún un ní àṣẹ nìyẹn.

Ó sọ fún Mọ́mì pé òun fẹ́ gbin ilá. Inú Mọ́mì dùn, ó ra ṣọ́bìrì tuntun fún un. Òjò ti ń rọ̀ nígbà náà, ilẹ̀ sì ti rọ̀. Mo ti ilé ìwé dé, mo bá Bàbá nínú kòtò tó ti dé orúnkún rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, bọ́ bàtà ẹ." Mo bọ́ ọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi báàfù Mọ́mì kó ilẹ̀ sápá ibi tí ilé wà, kí ó lè di òkìtì, nítorí Bàbá ní yàrà tí kò ní òkìtì lẹ́yìn, kòtò lásán ni. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì débi pé ìdajì iṣẹ́ wa ni kí a máa fi igi ha á kúrò. A bẹ̀rẹ̀ láti igun pákó ẹ̀yìn ilé ní apá kan, a yí gba iwájú, a sì lọ pàdé pákó ní apá kejì. Bàbá hú bíríkì méjì tí àlejò ń tẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi pákó gbọọrọ kan dí àyè wọn. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ni Dádì àti Mọ́mì ń gbà wọlé. Wọn kò mọ nǹkan kan. Mọ́mì tiẹ̀ máa ń béèrè pé, "Bàbá, ilá ńkọ́?" Bàbá á ní ó ń bọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni Àǹtí Fúnkẹ́, àbíkẹ́yìn Bàbá, tó ń kàwé ní yunifásítì kan ní Denton, tó sì máa ń gbé aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀ wá fọ̀ lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ òun àti Bàbá kò wọ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ló ń kọ́, àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé, ohun tó sì yàn nínú rẹ̀ ni àwọn ilé oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tí wọ́n gbẹ́ yàrà olómi yí ká. Bàbá tó ti fọkàn sí i pé yóò di apòògùn máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, "Mo rán ọmọ lọ sí Amẹ́ríkà, ó lọ ń ka kòtò." Lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó rí yàrà, apẹ̀rẹ̀ sì já bọ́ sínú rẹ̀. Kò tiẹ̀ wo ibi tí aṣọ wà. "Bàbá," ó ní, "ta ló kọ́ yín?" Bàbá fi ṣọ́bìrì ti ara rẹ̀ dúró. "Kọ́ mi ní kí ni? Kí wọ́n tó bí bàbá tó bí mi ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ." Àǹtí wọ inú yàrà pẹ̀lú sòkòtò jínǹsì rẹ̀, ó ń fi tépù wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń béèrè ìdí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bàbá ń dá a lóhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ apòògùn kò sí nínú rẹ̀.

Àǹtí jókòó sórí òkìtì, ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kì í ṣe ọba ló gbẹ́ àwọn yàrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn, pé ọ̀pọ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀ tó rí jájẹ. Wọn kò lè dá ogun dúró. Màlúù àti olè kékeré ni wọ́n ń dá dúró, ẹja ń gbé inú wọn, àti pé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ jù ni kí ará àdúgbò lè rí i pé ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ti di ẹni à ń kan ilẹ̀kùn fún. Bàbá ní ti òun kì í ṣe fún fáàrí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, fìlà tó dára jù ló ń dé jókòó sẹ́yìn òkìtì nírọ̀lẹ́, ó sì ń juwọ́ sí mọ́tò tó bá ń kọjá. Àǹtí ní ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn fẹ́ràn jù nínú yàrà ni ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ohun tó bá rì sínú rẹ̀ kì í tètè jẹrà. Bàtà àtijọ́, ṣíbí onígi, èso tí ẹnìkan jẹ kù, wọ́n ń rí i bí ẹni pé àná ni. Ohun tí onílé tọ́jú sínú àpótí ti pa rẹ́ tipẹ́. Èyí tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé ló kù. Mo wo apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀ nínú omi, mo ní, "Àǹtí, is that why you left your clothes?" Ìgbà yẹn ló tó rántí.

Òjò ńlá kan rọ̀, yàrà kún dé etí, pẹ́pẹ́yẹ méjì sì wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, wọ́n ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Ìgbà tí Mọ́mì gbọ́ ohùn wọn ló ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ó wo yàrà láti igun dé igun. "Bàbá," ó ní, "ilá nìyí?" Nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀fọn ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀. Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀fọn Texas ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni tí a bá fi wọ́n wé ti ilé. Mọ́mì mí kanlẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gidi ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọjá níwájú yàrá Bàbá ní àárọ̀, ó gbọ́ ohun kan tí a kò gbọ́ rí láti ìgbà tí Bàbá ti dé: Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ agékoríko. Mọ́mì fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó lọ ra ẹja kéékèèké dà sínú yàrà kí wọ́n máa jẹ ọmọ ẹ̀fọn, ó sì bẹ Pásítọ̀ ìjọ wa pé kó wá bá òun rọ Bàbá láti dí i, nítorí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Pásítọ̀ wá pẹ̀lú kóòtù àti bàtà aláwọ̀ tó ń dán. Bàbá kí i láti orí òkìtì, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má gba àárín o. Etí ọ̀tún ni kí ẹ tẹ̀." Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní Olúwa ló ń tọ́ ìṣísẹ̀ òun, ó sì gba àárín. Pákó yí. Ó rì dé ìbàdí, Bíbélì lókè lọ́wọ́ kan, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì ń pariwo bí onílé tí wọ́n jálẹ̀kùn lé lórí. Nígbà tí a fà á jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan kò bá a wá. Dádì fẹ́ wọ inú omi lọ wá a, àmọ́ Àǹtí Fúnkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì dí i lọ́nà. "Bùrọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀. Bàtà aláwọ̀, nínú ẹrẹ̀ yàrà. Ẹ ò mọ bí inú ẹni tó máa rí i ṣe máa dùn tó." Pásítọ̀ fi ẹsẹ̀ kan bàtà wa mọ́tò lọ sílé. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, orí kòtò tí wọ́n ju Jósẹ́fù sí ló wàásù lé, gbogbo ìjọ sì ń bojú wò wá.

Ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ni Misis Kọ́lìnsì, alága HOA, obìnrin òyìnbó tó máa ń dé akẹ̀tẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. A ti ká pákó nílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Pásítọ̀, nítorí náà òdìkejì yàrà ló dúró sí, èmi sì ni ògbufọ̀. Ó ní kòtò yìí kò bá òfin mu, pé ohun tí ẹgbẹ́ kò bá ti fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ sí níwájú ilé. Bàbá bi mí pé, "Ṣé wọn kì í kíni nílé wọn ni?" Mo sọ fún un pé, "Grandpa says good afternoon." Ó dáhùn. Bàbá ní kí n béèrè àwọn ọmọ. Misis Kọ́lìnsì ní òun ní ọmọkùnrin kan ní Houston, kì í pe òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá dìde, ó bọ́ fìlà. "Kì í pe ìyá ẹ̀?" Ó fúnra rẹ̀ gbé pákó sílẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó fi gba etí ọ̀tún. Misis Kọ́lìnsì jẹ mọ́ínmọ́ín wa, ó tún gba òmíràn. Lẹ́yìn náà ló nu ẹnu, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n tí oṣù yìí bá parí tí a kò dí kòtò, ẹgbẹ́ yóò rán òṣìṣẹ́ wá dí i. Ì bá sàn kí ó ti jágbe. Bàbá mi orí. "Mo gbọ́. Sọ fún bàbá ẹ kó wá tíkẹ́ẹ̀tì." Èyí ni mi ò túmọ̀. Mo lọ sẹ́yìn òkìtì, mo sì sunkún títí imú mi fi dí.

Nígbà tí Àǹtí Fúnkẹ́ dé ní Sátidé, Bàbá ti di àpótí rẹ̀. Àǹtí jókòó tì í létí omi. "Bàbá, gbogbo yàrà tí mò ń kà nípa rẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àgbẹ̀ ti dí pa." "Wọ́n ti lọ nìyẹn." "Wọn ò lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n fi dí i kì í le bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́, ó máa ń pa omi mọ́. Tí ọ̀dá bá dá, koríko ibi gbogbo á gbẹ, tibẹ̀ á tutù. Tí èèyàn bá wà nínú bàálù, á rí ìlà rẹ̀ yí ká bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ gan-an. Bí a ṣe ń mọ ibi tí ilé wà nìyẹn, lẹ́yìn tí ilé fúnra rẹ̀ ti wó." Bàbá ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ. "Tí wọ́n bá dí tèmi ńkọ́?" "Wọ́n lè fi ilẹ̀ bò ó, Bàbá. Wọn ò lè kó o kúrò mọ́." Bàbá gbójú sókè wo bàálù kan tó ń kọjá. Ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má rán òṣìṣẹ́ wá, òun ni yóò dí i.

A fa omi rẹ̀ lọ sí gọ́tà títì, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì fi ìbínú kó lọ. Kí a tó da ilẹ̀ sí i, Bàbá ní kí oníkálukú ju ohun kan sínú ẹrẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ Fúnkẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Mọ́mì ju omorogùn tó ti kán. Dádì ju káàdì ibi iṣẹ́ kan tó ti fi sílẹ̀. Mo ju eyín mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Bàbá tẹ orí ba, ó bọ́ okùn ọrùn rẹ̀. "Bàbá," Dádì ní, "kọ́kọ́rọ́ ilé nìyẹn." "Mo mọ̀. Wọ́n á fẹ́ mọ ibi tí onílé ti wá." Ó jù ú, ó rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Pásítọ̀. Mọ́mì yí ojú sápá kan. "Ẹ máa kó ilẹ̀," Bàbá ní, "ebi ń pa mí." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo fi ọwọ́ lásán kó ẹrẹ̀.

Bàbá bá wa gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì ń sùn. Nínú ọ̀dá tó tẹ̀lé e, gbogbo koríko títì wa pọ́n bíi búrẹ́dì, ìlà tútù kan sì jáde níwájú ilé wa láti pákó dé pákó. Misis Kọ́lìnsì wá béèrè irú ajílẹ̀ tí a ń lò. Èmi ni mò ń gbé ilé náà báyìí, n kò sì ní fẹ́ǹsì níwájú. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ ga kọjá níbẹ̀ láìronú. Ọmọ mi, tí kò rí Bàbá rí, máa ń dúró ní fèrèsé bí àlejò bá ń bọ̀. Bí ẹni náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kan kọjá ìlà yẹn, tí ẹnu ọ̀nà ṣì jìnnà sí i, á pè mí nílé ìdáná pé, "Mọ́mì, wọ́n ti wọlé."